Kíláàsì Kẹta, Kuchingoro

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni wọ́n mú un wọlé,
ọyẹ́ ti bó ètè gbogbo wa bí èèpo iṣu.
Yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé, bàtà ẹlòmíràn,
orúkọ tí akọ̀wé kọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gún:
Yakaka, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
láti ọ̀nà Bama, níbi tí ogun ti lé wọn.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ní kó jókòó. Ó dúró.
Mo ní kó dìde. Ó ṣì dúró.
Ìyẹn nìkan ló gbà lọ́jọ́ náà.

Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ibí.
Ẹni tó bá sọ èdè mìíràn,
náírà mẹ́wàá sínú agolo mílíìkì
tó wà lórí tábìlì ọ̀gá wa, Mísítà Agbo.
Yakaka kò san kọ́bọ̀ rí.
Ọmọ tí kò la ẹnu, kí ni yóò fi jẹ gbèsè?
Mo kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé
ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìwà rẹ̀ dára.
Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oòrùn ń yan páànù lórí wa,
ó dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é,
ó na ìka sí ẹ̀yìn mi, ó ní:
"Nji."

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Etí mi kò tíì jìnnà sílé.
Ń jí, ni mo gbọ́. Ẹnìkan ń jí nǹkan.
Mo ti ilẹ̀kùn. Mo tú àpò Tersugh, mo tú ti Jummai,
mo tú ti ọmọ náà fúnra rẹ̀:
ègé ṣọ́ọ̀kì méjì, kóòsì nínú ọ̀rá,
fọ́tò ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ ti ká.
Ó ń wò mí bí mo ṣe ń tú u.
"Nji," ó tún ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Bàbá Kiari tó ń ṣọ́ géètì ló yọ orí lójú fèrèsé,
ó fi Hausa sọ ọ́ fún mi:
"Àntí, omi ni. Òǹgbẹ ń gbẹ ọmọ yìí."

Omi.
Kẹ́ẹ̀gì sì wà lẹ́yìn mi láti àárọ̀.

Ó mu ife mẹ́ta. N kò lè wo ọ̀fun rẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni mí
nígbà tí rélùwéè gbé bàbá mi lọ sí Kafanchan.
Mo mọ ohun tí ìtọ̀ máa ń ṣe
fún ọmọ tí kò mọ orúkọ ilé ìtọ̀.
Á gbóná ní itan, lẹ́yìn náà á tutù.
Ẹ̀rín kíláàsì ni kì í tutù.
Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Mo nu pátákó. Mo kọ wọ́tà.
Jummai ní ruwa. Tersugh pariwo mngerem,
mo kọ omi sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ orúkọ ìyá rẹ̀.
Mo wá kọ nji, mo kà á sókè.
Yakaka mi orí.
Mo tún un kà. Ó tún mi orí.
Ìgbà kẹrin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu,
èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.
Gbogbo kíláàsì ń fi tíṣà rẹ́rìn-ín.
Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nínú àpèkọ,
ó gba méjì nínú mẹ́wàá.
Wọ́tà tí mo pè, wara ló kọ.
Mo fún un ní ààbọ̀ máàkì lórí ìyẹn,
kí ẹnikẹ́ni má bi mí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a jáde,
mo ju náírà ogójì sínú agolo.
Mísítà Agbo gbójú sókè:
kí ni mo sọ tó tó ogójì náírà?
Mo ní, "Omi."

Ó ní ó ti di àádọ́ta.