Eku Tí A Fi Ìrù So Rọ̀

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń bọ́ eku ní yunifásítì yìí;
n kò tíì rí ẹni tó so wọ́n rọ̀ bíi ti Ìbídùn:
ìrù lókè, orí nísàlẹ̀,
ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wá ilẹ̀, kò rí i.
Ní abúlé wa, eku tí a bá so rọ̀, iná ló ń dúró dè.
Mo ní, "Ọmọ yìí, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní báyìí lẹ̀jẹ̀ ṣe ń gun orí
fún àwọn tó wọkọ̀ kọjá sánmà,
níbi tí irin àti ìyẹ́ ti jọ fúyẹ́.
Ó ní ọpọlọ wọn a máa sún sókè nínú agbárí,
díẹ̀díẹ̀, bíi gàrí tó ń wú nínú abọ́.
"Ṣé ó máa ń padà sípò?"
"Ohun tí mò ń wá nìyẹn, Bàbá."

Iná lọ. Kò yà wá lẹ́nu.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi eyín dì í mú,
ó ń ka iye ìgbà tí eku kẹtàdínlógún mí.
Ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ lọ́rùn ẹsẹ̀, kò gbá a.

Mo sọ fún un pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé
mo máa ń ru pákó láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá,
kọ́bọ̀ mẹ́ta.
Tí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, ọrùn mi a gùn,
orí mi a fẹ́ fò lọ,
n kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń rìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan.
Ìbídùn wò mí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.
Ọ̀rọ̀ ẹnu mi, èmi Láṣebìkan, nínú ìwé!

Lọ́jọ́ kọkànlélógún ó tú wọn sílẹ̀.
Eku kẹtàdínlógún dúró, ó gbóòórùn ilẹ̀,
ó yà sọ́tùn-ún bí ọ̀mùtí, ó ṣubú,
ó tún dìde.
A ò sọ̀rọ̀.
Lọ́la ni wọ́n máa yọ ọpọlọ wọn,
wọn á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
N kì í dúró wo ìyẹn.
Òun náà, mo gbọ́ tó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo jáde sí Agbowó.
Ojú ọ̀run mọ́; ìràwọ̀ kan ń rìn, kò ṣẹ́jú.
Bóyá ẹnìkan wà nínú rẹ̀ tí kò ru nǹkankan.
Mo ra búrẹ́dì. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo,
síbẹ̀ mo gbé e lé orí.