Ayọ́kẹ́lẹ́

Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́
kò tíì gbọ́ èyí tí mo tò sẹ́yìn ilé wa ní Atìkòrí.

Mo rà á ní egungun lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀ṣíbógun.
Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní gíláàsì iwájú,
adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn.
Ó ní kí n san owó adìẹ mọ́ ọn. Mo san án.
Ẹyin méje ni mo kó jáde
kí n tó rí i pé ilẹ̀ ọkọ̀ ti dógùn-ún tán,
pé koríko ń wò mí láti ibi ẹsẹ̀ awakọ̀.
Adétóún wò ó, ó wò mí.
Ó ní, "Alápákó, irin wo lo mọ̀?"

Òótọ́ ni. Igi ni mo mọ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń la ìrókò àti àfàrà;
di ojú mi, n ó fi imú dárúkọ pákó.
Irin ò lóòórùn. Irin kì í sọ ibi tó ń dùn ún.
Àfìgbà tí mo pa ojú dé
tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀kùn náà lára,
bí ìyá ṣe ń wá ibi tí ara ọmọ ti gbóná,
ni mo tó rí ibi tó tẹ̀.

Òòlù kékeré níta, irin pẹlẹbẹ nínú.
Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.
"Má lù ú bí ẹni ń kan ìṣó," ni Baba Ṣónúgà wí,
panẹbítà àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú,
tó máa ń wá jókòó tì mí pẹ̀lú gàrí tútù nínú kọ́ọ̀pù.
"Ṣe ni kí o máa bẹ̀ ẹ́.
Irin rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.
Ìwọ ṣáà máa rán an létí."

Ní ti tọ́bò, ọmọ Ìjẹ̀bú ló yé jù.
Èéfín tí gbogbo ayé ń dà nù sígboro,
òun ní kó dúró ná, kó yí abẹ̀bẹ̀ kó tó lọ,
kí abẹ̀bẹ̀ ki atẹ́gùn tuntun bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu.
Bàbá mi ì bá fẹ́ràn rẹ̀,
ẹni tó ń tọ́jú ìṣó wíwọ́ sínú agolo mílíìkì.

Ọ̀dà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi nílé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni lẹ́búlẹ́bú pákó bà lé e,
lẹ́búlẹ́bú tí èmi fúnra mi là lọ́sàn-án,
tó tẹ̀lé mi wálé nínú irun àyà mi.
Mo fi sandipépà ha á, mo fọ̀ ọ́, ó ṣì kù.
Níkẹyìn mo dúró de aago mẹ́ta òru:
gbogbo ayùn ti sùn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Mo ti kun ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti dé bọ́nẹ́ẹ̀tì,
wọ́n mú iná lọ.
Afẹ́fẹ́ ṣì kù nínú táǹkì. Fèhíntọlá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù.
Èsúnsún rí i.

Ẹ wá wò ó, ìyẹ́ mẹ́rin nínú ọ̀dà búlúù,
ó hàn kedere bí òǹtẹ̀. Mi ò ha á mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo gbé e jáde, Adétóún ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè: kòtò, kòtò, ọlọ́pàá, kòtò.
Ibì kan ṣoṣo ló dán, láti ìdí igi òro títí dórí afárá.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Kò kọ́kọ́ dáhùn; ó fa èémí bí ẹni fẹ́ sín,
lẹ́yìn náà ó súfèé,
ẹ̀yìn wa lẹ̀ mọ́ ìjókòó.
Mo ka oókan dé ẹ̀sán, afárá ti dé.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin.
Oókan dé ẹ̀sán.

Adétóún tún gèlè rẹ̀ wé.
Ó ní, "Yí i padà. Tún un ṣe."

Ìgbà tí a padà wọ Atìkòrí, mo pa ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀,
a ń yọ́ bọ̀, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́,
adìẹ náà dúró lójú ọ̀nà,
ó ń wo ìjókòó ẹ̀yìn.