Wáyà Bàbá Mi

Mo gbé sítóòfù oníná wọlé l'Ókè-Baálẹ̀,
ọ̀rá ilé-ìtajà ṣì wà lára rẹ̀.
Ṣítù tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fà á jáde:
wáyà tín-ín-rín, ó ti dúdú bí aró.

"Ta ló ṣe èyí?"
Bàbá mi ni.
Gílóòbù kan àti rédíò ló ń bọ́ nígbà náà.
"Ẹrù ẹṣin lẹ fẹ́ gbé ru ewúrẹ́."

Ó ní kí n ra wáyà tó sanra, ti sítóòfù nìkan,
fíúùsì tirẹ̀,
irin tí a ó rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé:
iná tó bá ṣìnà, kí ilẹ̀ gbà á.
Mo kùn. Mo san án.

Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ.
Mo fi èédú se ẹ̀wà.
Wáyà bàbá mi ká jọ lórí tábìlì;
mi ò tíì lè sọ ọ́ nù.