Wọ́n Díyelé Orest

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní Toronto, nínú oṣù keje,
ọmọ mi wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tó wọ̀ sin bàbá rẹ̀,
ó jókòó sí yàrá kan ní òtẹ́ẹ̀lì, àjà kẹtàlá,
níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mí bí ẹni tó sùn.
Kò jí nǹkan. Kò pa ẹnikẹ́ni.
Adènà ni nínú họ́kì orí yìnyín,
iye tó yẹ kí wọ́n máa san fún un ni wọ́n fẹ́ dá.

Èmi kò sí níbẹ̀. Mo wà lóko wa nítòsí Yorkton,
mò ń to koríko gbígbẹ jọ.
Ohun tí mo mọ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ,
nídìí tábìlì, pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ pupa tí kò fọwọ́ kàn.

Ó ní Marguerite, aṣojú òun, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:
mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ́dún, kò pọ̀ jù.
"Ẹ wo ìgbà mélòó ló fi ìhà rẹ̀ dá róbà dúró,
igba ó lé mọ́kàndínlógún!
Ẹ wo eyín mẹ́ta tó fi sílẹ̀ lórí yìnyín Winnipeg."
Ó mú orúkọ adènà mẹ́fà jáde,
ọjọ́ orí wọn bá tirẹ̀ mu, owó wọn ga ju tirẹ̀ lọ.
A kì í fi ọmọ wé ọmọ, ìyá mi máa ń wí.
Níbẹ̀, bí wọn kò bá fi ọmọ wé ọmọ, kò sẹ́jọ́.

Whitcombe dìde, lọ́yà ẹgbẹ́,
ọkùnrin tó bá wa jẹun nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Orest,
tó ní kí n bù kún tòun.
Mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ ogún, ó ní, ó ti tó o.
Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo tó bá fẹ́ yí sí apá òsì.
Ó ní góòlù mẹ́rin péré lọ́dún méjì.
Ó ní orúnkún tí wọ́n ti là lẹ́ẹ̀mejì,
ta ló mọ ọjọ́ tí yóò yẹ̀?
Òrùlé wà lórí owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná,
òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ ní yàrá náà,
síbẹ̀ orí gbogbo wọn ló ń kàn án.

Orest ń wo omi inú ife.
A kì í ka ọmọ fún olómọ.
Wọ́n kà á fún ọmọ fúnra rẹ̀.

Mo mọ ọjà. Ogún ọdún ni mo ti ń kó ọmọ màlúù lọ sí gbàǹjo.
Bí mo ṣe ń yìn ín ni olùrà ń bú u:
egungun ìdí rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ ń ṣomi.
Bí ọjà ṣe ń rí nìyẹn, inú kì í bí mi.
Ṣùgbọ́n màlúù kò gbédè.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, adájọ́ fi ìwé ránṣẹ́:
mílíọ̀nù mẹ́ta àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá,
ó là á láàárín gbùngbùn bí ẹni la búrẹ́dì.
Whitcombe pè lójú ẹsẹ̀:
"A fẹ́ràn rẹ púpọ̀, Orest. Ó doṣù kẹsàn-án."
Ọmọ mi ní, "Ẹ ṣeun, sà."
Owó tó lè ra oko wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí mi:
"Màmá, ṣé ẹsẹ̀ mi wúwo lóòótọ́?"

N kò dáhùn. Bàtà yìnyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ni mò ń rántí,
àlòkù, nínú gàráàjì ìyá Pidlubny, ogójì dọ́là.
Mo ní abẹ rẹ̀ ti dípẹtà. Mo ní awọ rẹ̀ ti rọ̀.
Mo ní okùn rẹ̀ kò bára mu, ta ni yóò rà á?
Mo san mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i pé yóò bá a lẹ́sẹ̀ mu,
ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
ó ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀.