Orúkọ Ilé Ìwé

Fọ́ọ̀mù béèrè orúkọ ilé ìwé.
Fèyíṣará gbé bírò sókè, ó wò mí lójú.
Mo ní, "Òótọ́ ni kó o kọ."
Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́:
ILÉ BÀBÁ ÀGBÀ, Ẹ̀YÌN OJÚ IRIN, LÁFẸ́NWÁ.

Ọmọge tó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Bàbá, èyí kò sí nínú àwọn tó wà níbí."
Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́.
Kò ní agogo, kò ní yúnífọ́ọ̀mù,
kò ní géètì tí wọ́n ń tì mọ́ ẹni tó pẹ́ dé.
Tábìlì kan ló ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀kan kúrú,
àbọ̀ búlọ́ọ̀kù la fi gbé e dúró.
Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá,
a ó pa ìwé dé, a ó jọ ka wágọ́nù.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi já tíkẹ́ẹ̀tì.
Tíkẹ́ẹ̀tì náà ni mo fi kọ́ ọ ní ìṣirò:
Láfẹ́nwá sí Ọ̀ṣogbo, àgbà mẹ́rin, ọmọdé ìdajì owó.
Ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò fi ìka kà mọ́.

Eegun rẹ̀ ni kò fún un láyè ilé ìwé.
Bí òjò bá ṣú lápá odò Ògùn,
orúnkún rẹ̀ á ti gbọ́ kí páànù tó gbọ́.
Ilé ìwé mẹ́ta ló dá a padà fún wa.
Ìkẹta ní, "Ẹ máa kọ́ ọ nílé.
Tó bá tó àkókò ìdánwò, ẹ mú un wá."
Àkókò tó.
Mo mú un lọ.

"Máàkì ọdún mẹ́ta rẹ̀ dà?"
Mo kó ìwé ogójì lé orí tábìlì ọ̀gá,
kò sí èyí tí bírò pupa mi kò kọjá lára rẹ̀.
Kò ṣí ẹyọ kan.
Ní Adátán, wọ́n ka owó fún mi:
owó pápá, owó ẹgbẹ́ òbí, owó àga.
Owó àga! Ọmọ tí ìdí rẹ̀ kò kan àga wọn rí.
Ọ̀kan fà mí sẹ́yìn ògiri, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀:
"Bàbá, ibì kan wà lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá.
Ìlọ́po mẹ́ta lẹ ó san,
ìdáhùn á wá bá a níbi tó jókòó sí."
Èmi! Èmi tí mo já alágbádá kan sílẹ̀ ní Wásinmi nínú òjò,
nítorí ó fẹ́ fi náírà rọ́pò tíkẹ́ẹ̀tì.
Mo ní, "Ẹ ṣé o. Ọmọ yìí ní ìdáhùn. Àga ló ń wá."

Ọmọge ní, "Ẹ jẹ́ n kọ 'aládàáni' síbẹ̀."
Aládàáni.
Mo tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu, kò dùn, kò korò.
Ta ló dá a ṣe?
Ṣé ìyá rẹ̀ tó ń nulẹ̀ ilé ìwòsàn lóru n'Ídìí-Àbà?
Àbí Arábìnrin Olúfúnwá oníkẹ́míìsì
tó yá wa ní ìgò mẹ́ta, kí ẹ̀kọ́ ásíìdì má bàa di ìtàn àròsọ?
Àbí èmi, tí mo ń jí ka baọ́lọ́jì ní ìdájí,
kí n lè fi ojú ewé méjì ṣáájú rẹ̀?

Ìwé jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.
Ibùdó ìdánwò: Ìmẹ̀kọ.
Ojú irin kò débẹ̀.
Ó ti ń ṣírò: "Bí a bá kúrò ní aago mẹ́rin ìdájí..."
Ó dákẹ́.
"Bàbá, tí orúnkún bá dìde lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Mi ò mọ ojú ewé tí ìyẹn wà.

A fẹ́ sọdá ojú irin, ọkọ̀ ẹrù dé. A dúró.
Mo ka wágọ́nù mọ́kànlélógún.
Ó ní méjìlélógún ni.
Òun ló gbà á.