Fáníṣì Tó Fọ́jú

Ọkọ̀ mẹ́tàlá ni mo gbẹ́ lára igi ahùn,
èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìka àárín mi lọ.
Mo fi bọ́rọ́ṣì onírun mẹ́ta ya àwọ̀n sí èjìká apẹja,
mo ya eyín, mo ya èékánná,
mo fa ilà méjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó jókòó nídìí ọkọ̀.
Alájà Sìfáwù ti san àsansílẹ̀:
ó fẹ́ kó wọn ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn,
ọmọ tó rò pé inú firíìjì ni wọ́n ti ń pa ẹja.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà,
omi ṣì ń kán láti etí páànù.
N kò ní sùúrù. Ọwọ́ ń yún mi.
Mo mi agolo fáníṣì, mo fín in,
fíì, fíì, bí ẹni ń lé ẹ̀fọn,
mo lọ jẹ ẹ̀bà.

Nígbà tí mo fi padà dé,
ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ti hewú.
Àwọ̀n tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan yà di kùrukùru,
àwọn apẹja ń wò mí
bí ẹni tó ṣubú sínú ìkòkò ògì.

Mo fi èékánná ha á, ọ̀dà pupa bá a jáde.
Mo fi tínnà nu ọ̀kan, apẹja kan pàdánù imú.
Mo bú agolo. Mo bú ẹni tó tà á fún mi n'Íkòròdú.
Mo bú iléeṣẹ́ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Bàbá mi wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà.
Ogójì ọdún ó lé ló fi ha ìpẹ́ kúrò lára ẹja,
láti ìdúnta ni ìpẹ́ ti wọ òun náà lójú.
Ó ní, "Kí ló dé tó ò ń ṣépè? Gbé e wá."
Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ lẹ́yìn, wẹ́rẹ́.
Kò rí funfun kankan, ṣùgbọ́n ó ní,
"Ó ń ha mí lọ́wọ́ bí eruku ìkarahun.
Ìgbà wo lo fín in?"
Mo ní lẹ́yìn òjò.
"Ọ̀sà ń mí nígbà náà.
Ta ló ń kun ìdí ọkọ̀ lọ́dà nígbà tí ìrì ń sẹ̀?"

Ó ní kí n mú ìgò òróró ólífì wá,
èyí tí àbúrò rẹ̀ gbé bọ̀ láti Mẹ́kà,
tí wọ́n fi ń ra á lójú láràárọ̀.
"Kò ṣe tèmi lóore. Bóyá á ṣe tiwọn."

Bọ́rọ́ṣì gbígbẹ, ẹ̀kán òróró kan péré.
Mo rọra fi pa ọkọ̀ àkọ́kọ́ lára.
Pupa ló kọ́kọ́ yọ, bí ẹni tó ta jí,
lẹ́yìn náà àwọ̀n, okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
lẹ́yìn náà ilà méjèèjì lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹni ìdí ọkọ̀.
Ilà bàbá mi ni. N kò sọ fún un.

Ojú mẹ́wàá là.
Méjì ṣì ní kùrukùru nínú ikùn,
mo fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà ọyẹ́,
di ọjọ́ tí ètè á máa bó, tí aṣọ á gbẹ kó tó kan okùn,
kí n tún fín wọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti òkèèrè.
Aláìnímú náà, n kò tà á.
Bàbá mi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí,
ó ń fi ìka wá ibi tí imú wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni dókítà dá fún un.
Ó bi mí lánàá bóyá òróró ni wọn yóò lò.
Mo ní n kò mọ̀.
Ó dákẹ́ títí, mo rò pé ó ti sùn.
Ó ní, "Ṣáà sọ fún wọn
kí wọ́n má ṣe é lẹ́yìn òjò."