Mẹ́fà Nínú Páálí

Láti oṣù Kẹsàn-án ni mo ti ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá
láàárọ̀, bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀,
ojú mi wúwo bí orí ẹni tó ru omi,
tí Yọ́ọ̀kì ṣì ń fi òjò wínníwínní bọ́jú.
N kì í wọlé.
Fèrèsé wọn mọ́ jù.
Àwọn àkàrà òyìnbó kéékèèké tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì
múra jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n lóru àná, Màmá Dóríìnì di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
ó ní, "Ṣokoléètì. Èyí tó dáa. Kì í ṣe ti ilé epo."
Ó ki ogún pọ́n-ùn bọ̀ mí lápò
bí ẹni ń fún ọmọdé lówó ọdún.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn.
Agogo kékeré kan dún lókè orí mi.
Òórùn ló kọ́kọ́ dá mi dúró,
kì í ṣe òórùn ṣúgà:
òórùn abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni,
ní ọjọ́ kẹrin tí a ti da kòkó bò,
tó ń gbóná, tó ń kan díẹ̀díẹ̀,
lẹ́bàá ahéré bàbá mi lọ́nà Òkè-Igbó.

Ọmọbìnrin ibẹ̀, Ímójìn ni wọ́n kọ sí i láyà,
wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni fẹ́ gbẹ̀bí.
Ó fi ẹ̀mú gbé ẹyọ kan fún mi pé kí n tọ́ ọ wò.
Ó ní kí n má jẹ ẹ́, kí n jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀,
pé n óò gbọ́ òórùn èéfín, n óò gbọ́ ti èso pupa,
n óò gbọ́ ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.
Mo dákẹ́.
Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́:
"Ẹ má gbé e mì o! Ẹ tu ú padà!"

Nítorí àwa ọmọ, omi funfun ara rẹ̀ la mọ̀ ládùn.
A ó la kòkó, a ó kó hóró rẹ̀ sẹ́nu,
a ó fà á mu títí ara rẹ̀ yóò fi dán;
bàbá yóò gbé agbọ̀n síwájú wa, yóò máa ka itọ́ wa:
"Morádéyọ̀, ó ku méjì lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ."
Adùn ni tiwa.
Kíkorò ni tẹni tó ń rà á.
N kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan
tó ń fi sùúrù kọ́ kíkorò náà níwà,
bí wọ́n ti ń kọ́ ìyàwó tuntun bí a ṣe ń kí àna.

Mo ní kó bá mi di mẹ́fà.
Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá!
Mo la ẹnu, mo pa á dé. Owó olówó ni.
Ó fi rìbọ́ọ̀nù so páálí náà,
páálí tó le ju èyí tí ìyá mi ń kó ìwé ilẹ̀ sí.
Ó bi mí bóyá ẹ̀bùn ni.
Mo ní rárá, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun náà.

Lálẹ́, mo gbé Màmá Dóríìnì jókòó, mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀.
Ó mú ẹyọ tó ní èso líle nínú,
ó dijú.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.
Ó pẹ́ títí, mo rò pé ó ti sùn.
Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí mi, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́,
ó tu èso náà sí i,
ó mọ́ fónífóní,
kò ku adùn kankan lára rẹ̀.
"Eyín mi ò ká a," ó ní. "Tìrẹ nìyẹn."

Bàbá, n kò gbé e mì.
Mo dúró sáàárín yàrá, ọwọ́ mi ṣí sílẹ̀,
mo ń wá oòrùn tí n óò sá a sí
ní Yọ́ọ̀kì, nínú oṣù Kejìlá,
ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.